Ìyá ọkọ mi ní wàrà agolo tí mo fún ọmọ mi ló fa àtọ̀gbẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Abíyamọ_ÒkèBáálẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mo ń gbé. Ọmọ mi àkọ́kọ́ pé ọdún méje lọ́dún yìí, obìnrin ni. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ọmọ tí kò tọ̀ sílé mọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo nà án. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n mo nà án. Lẹ́yìn ìyẹn ló di omi mímu. Á mu ún bí ẹni tó ti oko dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, á gbé ife kalẹ̀, kò ní pẹ́ á tún gbé e. Ó rù débi pé síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀ ń já bọ́ nídìí rẹ̀, pínnì ni mo fi ń mú un láràárọ̀.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń mí gule-gule, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. A sáré gbé e lọ síbòmíràn. Nọ́ọ̀sì kan gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà kò kọ iye kankan, ‘HI’ ló kọ. Mo rò pé ńṣe ni ẹ̀rọ ń kí wa. Àṣé ṣúgà ọmọ ti ga kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà.

Àtọ̀gbẹ irú kìíní ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì mẹ́rin lójúmọ́.

Mo tún ti lóyún báyìí, oṣù kẹjọ rèé. Ìyá ọkọ mi wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá (mo fẹ́ràn màmá yìí o, kẹ́ ẹ má rò pé mo wá sọ̀rọ̀ wọn láìdáa), wọ́n sì sọ ọ́ lójú ọkọ mi pé èmi ni mo fà á. Wọ́n ní bí mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tọ́mọ pé oṣù mẹ́ta, tí mo gbé wàrà agolo sílẹ̀ fún un, ìyẹn ló bà á lára jẹ́. ‘Ọmọ màlúù ló ni wàrà màlúù.’ Ọkọ mi ò fèsì. Dídákẹ́ ọkọ mi ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ màmá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Tí mo bá sì fún èyí tó ń bọ̀ yìí lọ́mú nìkan fún oṣù mẹ́fà gbáko, ṣé yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

Aláró_Òròkí (9:31 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́ o, ìyá ọmọ. ‘HI’ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, mo tún wá ń nu omi ojú.

Ọmọ_Àlẹ̀kúwodò (9:52 alẹ́)

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n màmá ò parọ́. Mo ti kà nípa ẹ̀. Ní 1992, àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Finland tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wò, wọ́n sì rí i pé ara àwọn ọmọ náà ń bá purotéènì kan láti ara màlúù jà. Finland sì lorílẹ̀-èdè tí irú àtọ̀gbẹ yìí ti ń mú ọmọdé jù láyé. Ẹ so ó pọ̀ fúnra yín. Ohun táwọn àgbà wa bá sọ, ó máa ń nídìí.

Abíyamọ_ÒkèBáálẹ̀ (9:58 alẹ́)

Ó dáa. Ẹ ṣé.

Aláró_Òròkí (10:03 alẹ́)

@Ọmọ_Àlẹ̀kúwodò, obìnrin tó ń sunkún lóru lẹ ń sọ pé kó so ó pọ̀ fúnra ẹ̀?

Agbẹ̀bí_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 àárọ̀)

Abíyamọ, ọmọ mi, nu ojú nù. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Màá kọ ọ́ gùn, torí ó yẹ kí ọkọ rẹ náà rí i kà.

Àtọ̀gbẹ irú kìíní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun dídùn tọ́mọ jẹ. Lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn wa, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní pancreas. Òun ló ń ṣe ínsúlíìnì, ínsúlíìnì ló sì ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wọ inú ẹran ara, kí ara fi ṣagbára. Ọmọ tí irú kìíní bá mú, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló kọjú ìjà sí ibi tí ínsúlíìnì ti ń wá. Ẹ wò ó bí ọdẹ tí àdúgbò gbà kó máa ṣọ́ òru, tó wá ń yìnbọn lu onílé. Wọ́n lè ti wà lẹ́nu ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìgbà tọ́mọ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, èyí tó pọ̀ jù nínú ibẹ̀ ti lọ.

Kí ló ń ṣi ọdẹ lọ́nà? Àjogúnbá wà níbẹ̀. Wọ́n fura sí àwọn fáírọ́ọ̀sì kan. Oúnjẹ ìkókó náà, ó ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti ń tú u wò. Ẹyọ ohun kan tó fà á fún gbogbo ọmọ, wọn ò tíì rí i mú.

Ìwádìí 1992 tí ọ̀gbẹ́ni yẹn mú wá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tó dá ìwé náà pa dé, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Nítorí ìfura yẹn gan-an ni wọ́n ṣe kó ìkókó 2,159 jọ ní orílẹ̀-èdè 15, gbogbo wọn ní ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí àtọ̀gbẹ yìí ń bá fínra. Nígbà tí wọ́n bá ń já wọn lẹ́nu ọmú, wọ́n fún apá kan ní wàrà agolo tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n fún apá kejì ní èyí tí wọ́n ti gé purotéènì màlúù inú ẹ̀ wẹ́wẹ́, débi pé ara ọmọ ò ní dá a mọ̀ mọ́. Wọ́n wá ń ṣọ́ wọn fún ohun tó lé ní 10 ọdún. Èsì jáde ní 2018: lápá àkọ́kọ́, nǹkan bí 8 nínú 100 ló ní àtọ̀gbẹ, lápá kejì, nǹkan bí 8 nínú 100. Tó bá jẹ́ wàrà màlúù lọ̀daràn, ibẹ̀ ni à bá ti dè é lọ́wọ́.

Ó wá ku ọmú fúnra ẹ̀. Wọn ò lè dán ìyẹn wò bẹ́ẹ̀, torí ta ló máa sọ fún ìyá pé kó gba ọmú lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kí òun lè kọ̀wé? Ńṣe ni wọ́n ń bi àwọn ìyá léèrè, tí wọ́n sì ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Denmark àti Norway ṣe é pẹ̀lú ọmọ tó lé ní 155,000, èsì jáde ní 2017. Àwọn ọmọ tí kò fẹnu kan ọmú rárá, ewu tiwọn tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó mu ún. Àmọ́ láàárín àwọn tó mu ún, ẹni tó mu ún fún oṣù díẹ̀ àti ẹni tó mu ún pẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ síyàtọ̀. Kẹ́ ẹ sì má gbàgbé pé ìlọ́po méjì ohun kékeré, kékeré náà ni.

Mo wá fẹ́ bi ọ́: ọmọ rẹ yìí, oṣù mélòó ló fi mu ọmú lápapọ̀?

Abíyamọ_ÒkèBáálẹ̀ (7:22 àárọ̀)

Màámi, ẹ kú àárọ̀ o. Ọmú nìkan ló mu fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, agolo lọ́sàn-án tí mo bá wà níbi iṣẹ́, ọmú láàárọ̀ àti lóru. Oṣù mẹ́tàlá ló pé kó tó fúnra ẹ̀ fi í sílẹ̀.

Agbẹ̀bí_Fẹ̀yìntì (7:30 àárọ̀)

Oṣù mẹ́tàlá. O sì jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ẹni tí kò fọ́mọ lọ́mú.

Kẹ́hìndé_Abẹ́rẹ́ (8:05 àárọ̀)

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ti lé ní ẹni ọdún 20, ọmọ ọdún 11 ni mo wà nígbà tí irú kìíní mú mi. Ìbejì ni wá, a sì jọra débi pé tíṣà wa máa ń na ẹni tí kò ṣẹ̀. Èmi àti Táíwò jọ mu ọmú ìyá kan náà, lọ́jọ́ kan náà, òun lọ́tùn-ún, èmi lósì, fún ọdún kan ààbọ̀. Ògì kan náà, wàrà agolo kan náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára kan náà. Èmi ni àtọ̀gbẹ mú. Táíwò ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ títí dòní, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Dókítà mi ní Ìbàdàn sọ pé kì í ṣèmi nìkan. Àwọn ìbejì tó jọra pátápátá pàápàá, ó lè mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Màmá mi sunkún fún ọdún méjì kó tó gbà pé òun kọ́ lòun fà á. Ẹ má ṣe tó ọdún méjì.

Ọmọ_Àlẹ̀kúwodò (8:40 àárọ̀)

Mo ti gbọ́. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 yẹn, mi ò mọ̀ nípa ẹ̀. Àmọ́ màmá agbẹ̀bí, ṣé ẹ̀ ń sọ pé kò sí àǹfààní nínú ọmú nìyẹn? Torí mo mọ̀ pé báwọn kan ṣe máa kà á nìyẹn.

Agbẹ̀bí_Fẹ̀yìntì (9:15 àárọ̀)

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmú ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀kan lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Ó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó mu ún dáadáa, sísanra jù àti àtọ̀gbẹ irú kejì, ti àgbàlagbà, ṣọ̀wọ́n fún un ju ẹlòmíràn lọ. Fún irú kìíní náà, mo ti sọ ọ́: ẹni tó mu ún sàn ju ẹni tí kò mu ún rárá. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ má ṣe ni kẹ́ ẹ fi í ṣe ẹgba na ìyá. Bí wọ́n bá fún ọmọ lọ́mú títí ọdún mẹ́ta, ó ṣì lè mú un. Mo ti rí i.

Ewé_Ńjẹ́_Oògùn (11:02 àárọ̀)

Ẹ káàbọ̀ o. Mo ní àgúnmu tó ń wo àtọ̀gbẹ tán pátápátá láàárín ọjọ́ 21, ọmọdé àtàgbà. Kí ọmọ dá ínsúlíìnì dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí wọn kì í bára wọn ṣe. Ẹ pè mí sórí [alábòójútó ti yọ nọ́ńbà yìí kúrò]

Alábòójútó (11:10 àárọ̀)

Ewé_Ńjẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí. Ẹ̀kẹta, a ó ti yín síta.

Kẹ́hìndé_Abẹ́rẹ́ (11:34 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ n dá a lóhùn, torí mo ti lò ó rí. Mo wà ní JSS 2, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé e wá, ó ní kí n jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́. Àgúnmu náà korò, mo rò pé kíkorò ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo ń bì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbé mi dìgbàdìgbà wọ mọ́tò, mi ò mọ ibi tí mo wà. Ọmọ tí ara ẹ̀ ò ṣe ínsúlíìnì mọ́, tẹ́ ẹ bá gba ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un. Kí wọ́n tó kọ́kọ́ gún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní Toronto ní oṣù kìíní ọdún 1922, bí gbogbo wọn ṣe ń kú nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò burú o. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ìfẹ́ yẹn kàn fẹ́ pa mí ni.

Ẹni tó bá sì fẹ́ bi mí ìdí tá ò fi lè mu ún lẹ́nu: inú á dà á bí ẹran. Abẹ́rẹ́ ló ṣe é gbà.

Ìyá_Elélùbọ́ (1:18 ọ̀sán)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọjà-Ọba ni mo wà báyìí, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Oyún tí mo ní yìí, wọ́n ní ṣúgà mi ga nínú ẹ̀, wọ́n ní ṣúgà oyún ni. Ṣé ọmú mi ò ní wá dùn jù, kó kó o ran ọmọ?

Ìkejì, ẹ ní ọmú nìkan, kò gbọdọ̀ somi. Nínú ooru yìí? Òṣogbo la wà o, ìlú Ọ̀ṣun. Omi la fi ń tọ́jú ọmọ níbí látayébáyé, ẹ wá ní ká má fọ́mọ lómi!

Agbẹ̀bí_Fẹ̀yìntì (2:05 ọ̀sán)

Ìyá Elélùbọ́, ẹ fi omi Ọ̀ṣun wẹ ọmọ bó bá ṣe wù yín, ẹ má ṣáà bu ún fún un mu kó tó pé oṣù mẹ́fà. Omi ti wà nínú ọmú: nínú ìwọ̀n 100, bí 88 omi ni. Tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹ tún gbé ọmú sí i lẹ́nu. Omi àti àgbo máa ń gba àyè nínú ikùn tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, ọmú á sì dín kù torí ọmọ ò fà á tó. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ̀ ń fọ́mọ lómi. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ìkókó 29 péré nínú 100 ló ń mu ọmú nìkan.

Ti ṣúgà oyún: ọmú yín ò ní dùn jù. Ọyàn ló ń ṣe ṣúgà tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé nígbà tọ́mọ wà nínú, ṣúgà yín tó ga ń kọjá sí i, ara ẹ̀ á wá máa tú ínsúlíìnì jáde ṣáá. Tí wọ́n bá gé ìwọ́ báyìí, ṣúgà yín á dáwọ́ dúró, ínsúlíìnì tiẹ̀ á ṣì wà, ṣúgà ọmọ lè wá lọ sílẹ̀ bìrí. Nítorí náà, kí wọ́n gbé e sí ọyàn yín láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún omi ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yẹn dànù pé ó dọ̀tí. Kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà ọmọ wò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ padà lọ yẹ tiyín wò. Obìnrin tó ní ṣúgà oyún, irú kejì máa ń lúgọ dè é. Fífún ọmọ lọ́mú máa ń dín ewu yẹn kù fún ìyá.

Ìyá_Elélùbọ́ (2:20 ọ̀sán)

Ẹ̀kúnwọ́! Èmi tí mo máa ń bu kọ́ọ̀pù àgbo kan.

Òṣìṣẹ́_Ojúmọ́ (4:47 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà, ẹ bá wa sọ ibi tá a ti máa rí i. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n fún ìyá ọlọ́mọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó lè fọ́mọ lọ́mú. Ta ló ti rí i gbà rí?

Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìdajì wákàtí yẹn, ọ̀gá mi bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun náà wá jókòó tì mí. Inú yàrá tí wọ́n ń kó bébà àti ìgbálẹ̀ sí ni mo ti ń fún ọmú sínú ìgò, mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn torí kò ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ kan mẹ́séńjà ti ilẹ̀kùn wọlé, ìgò dà nù. Mo jókòó sílẹ̀ lórí páálí bébà, mo sunkún nítorí wàrà tí kò kún ẹnu agolo tòmátò.

Nítorí náà ẹ̀yin ìyá ọkọ, wàrà agolo tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, obìnrin kan ò kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti sú ọmọ òun.

Aláró_Òròkí (5:01 ìrọ̀lẹ́)

@Òṣìṣẹ́_Ojúmọ́, mo dìde dúró kí yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fún un sínú ìgò, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó bàjẹ́?

Òṣìṣẹ́_Ojúmọ́ (5:09 ìrọ̀lẹ́)

Wákàtí mẹ́rin níta níbi tí kò bá gbóná. Ní ìyẹ̀wù wa tí fáànù ò yí, mi ò jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Nínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́rin. Tí iná bá wà ni mo ń wí o.

Kẹ́hìndé_Abẹ́rẹ́ (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ọ̀rọ̀ iná dé. Àǹtí Abíyamọ, ibo lẹ̀ ń tọ́jú ínsúlíìnì ọmọ sí? Èyí tí wọn ò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, kó má sì dì. Èyí tẹ́ ẹ ti ń lò, ó lè wà níta fún bí ọjọ́ 28 tí ooru ò bá kọjá 30 lórí ìwọ̀n. Tí iná bá ti lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ ra ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá àti kékeré. Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, ẹ da iyanrìn sí àárín wọn, ẹ máa wọ́n omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu ẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn. Ohun tí màmá mi lò fún mi nìyẹn títí mo fi wọ yunifásítì.

Abíyamọ_ÒkèBáálẹ̀ (9:40 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun. Màámi agbẹ̀bí, mo gbé fóònù fún ọkọ mi, mo ní kó kà á, mo lọ fọ abọ́. Nígbà tí mo padà, ó ṣì ń kà á. Ó bi mí pé, ‘Oṣù mẹ́tàlá lo fi fún un lọ́mú?’ Mo ní ṣé kò sí nílé ni? Ó rẹ́rìn-ín, kò sì jọ ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa bá ìyá òun sọ̀rọ̀.

Ó ku ohun kan: èyí tó wà nínú mi yìí, báwo ni ewu tiẹ̀ ṣe tó? Ẹ má pọ́n mi lé.

Agbẹ̀bí_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́rú, 5:52 àárọ̀)

Mi ò ní pọ́n ọ lé. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kà á dáadáa, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú kìíní, bíi 5 nínú 100 ni yóò ní i. Àwọn 95 yòókù kò ní ní i. Fún un lọ́mú nítorí gbogbo ohun tí mo sọ lánàá, má sì ṣe kà á sí èèdì tó ń lé àtọ̀gbẹ.

Ohun tó lè gba ẹ̀mí ọmọ ni ojú rẹ. O ti mọ àwọn àmì náà ju dókítà mìíràn lọ. Ìtọ̀ àtọ̀jù, omi àmujù, kó máa rù, kó máa rẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá wa nígbà kan, èèrà tó ṣù bo ibi tọ́mọ tọ̀ sí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Tó o bá rí ọ̀kan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ oògùn ibà fún un láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gún un níka. Ìṣẹ́jú kan ni. Tí wọ́n bá gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níka lọ́jọ́ kìíní, kì bá tí dé ‘HI’.

Ọmọ_Àlẹ̀kúwodò (7:15 àárọ̀)

Àǹtí, ẹ forí jì mí fún ti ọjọ́ kìíní. Mo kánjú.

Abíyamọ_ÒkèBáálẹ̀ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti bí i. Ọkùnrin. Kò tíì pé ìdajì wákàtí tó jáde tí wọ́n fi gbé e lé mi láyà, ó sì gbá ọmú mú bí ẹni pé wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀ fún un. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. A jà díẹ̀ lórí omi àti àgbo, mi ò ní parọ́. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n rí i pé ọmọ ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́ láìmu omi kankan, wọ́n gbé ife àgbo wọn, wọ́n mu ún fúnra wọn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Ọmọ mi obìnrin máa ń gún ara ẹ̀ níka báyìí, kò jẹ́ kí n bá a ṣe é mọ́. Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fún ẹ̀jẹ̀ bíńtín sórí sítíríìpù, ó ka 118, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀. Ìyá àgbà ń wò ó. Ó ní, ‘Ìyá àgbà, ẹ mú ìka wá.’ Màmá kọ́kọ́ ń sá, wọ́n wá na ìka sí i. Ọmọ nu ún, ó gún un, ó dúró de ẹ̀rọ. 261 ló kọ.

Gbogbo wa dákẹ́. Màmá ni, ‘Ṣé ìyẹn pọ̀?’

Agbẹ̀bí_Fẹ̀yìntì (8:11 alẹ́)

Ìyẹn pọ̀. Irú kejì ló máa jọ, tó bá jẹ́ òun ni, kò sì tan mọ́ ti ọmọ. Ṣé wọ́n ń tọ̀ lóru? Kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́la, ẹ má fi dọ̀la tó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Abíyamọ_ÒkèBáálẹ̀ (8:26 alẹ́)

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, wọ́n ní àwọn rò pé ọjọ́ orí ni. Ọkọ mi máa gbé wọn lọ laago méje àárọ̀.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọn wọlé báyìí, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, ‘Ìyàwó mi, bi àwọn èèyàn rẹ tó wà nínú fóònù yẹn léèrè, ṣé èmi náà mu wàrà agolo ni?’

Agbẹ̀bí_Fẹ̀yìntì (8:30 alẹ́)

Ẹ bá mi kí wọn. Kí wọ́n jẹun alẹ́ náà báyìí, lẹ́yìn ìyẹn omi nìkan títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀.